Wáàtì 12,000 kò lè gba inú púlọ́ọ̀gì kan: bí a ṣe ń yan áńpù àti sípíkà fún yàrá àkọ́kọ́

Owó oṣù àkọ́kọ́ tí mo gbà lẹ́yìn tí mo sin ilẹ̀ baba wa tán, sípíkà ni mo fi rà. Ẹ má bú mi. Yàrá kan pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ tirẹ̀ ni mo gbà, yàrá náà ṣófo ju àpò mi lọ. Fóòmù kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Bí mo bá wúkọ́, ògiri á dá mi lóhùn. Mo ní mi ò lè máa gbọ́ orin lórí fóònù mọ́, mo bá gba ọjà lọ.

Páálí tí wọ́n gbé fún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èmi fúnra mi. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà: 12,000W PMPO. Ọ̀gá tó ń tà á ní, "Àbúrò, èyí á mi àdúgbò tìtì." Kò parọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, Màmá tó ń gbé yàrá kejì kan ilẹ̀kùn mi. Ó pọn ọmọ oṣù méjì sẹ́yìn. Kò pariwo rárá. Ó kàn ní, "Ọmọ mi, orin tí ò ń gbọ́ yìí, èmi ò gbọ́ orin kankan níbẹ̀ o. Gbì, gbì, gbì nìkan ni mò ń gbọ́. Ọmọ yìí ò sì tíì sùn láti ìrọ̀lẹ́."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, torí pé èmi gan-an tí mo wà nínú yàrá, gbì gbì gbì náà ni mò ń gbọ́. Mo fi orin jùjú sí i, mi ò mọ ohun tí gángan ń wí. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá, tí ìlù ń sọ̀rọ̀ létí rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ, kí ló wá fowó rà?

Ní oṣù kẹrin, ó jó. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan tó ń tún rédíò ṣe. Nígbà tó tú u, ó rẹ́rìn-ín títí. Mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn sípíkà ńlá yẹn kò tó ìdérí ìgò. Ó yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà sí mi, ó fi ìka tọ́ka sí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́bàá ibi tí waya iná ti wọlé. 65W ló wà níbẹ̀. "Àbúrò, níbo ni ẹgbẹ̀rún méjìlá yòókù wà?"

Ìbéèrè rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe àpilẹ̀kọ yìí, kí owó oṣù àkọ́kọ́ tiyín má baà jó bíi tèmi.

Ìṣirò tí páálí kò fẹ́ kí ẹ ṣe

Wáàtì ni a fi ń ka iye agbára iná tí ẹ̀rọ ń lò. Tí ẹ bá sọ iye fóòtì di ìlọ́po iye ámúpù, wáàtì ló ń jáde. Iná ilé wa jẹ́ 230V, ní ọjọ́ tó bá ń ṣe dáadáa. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wa ń lò, 13A ni. 230 lọ́nà 13 jẹ́ 2,990. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ lo 12,000W lóòótọ́ á fa ohun tó ju 52A lọ, fíúùsì inú púlọ́ọ̀gì á ti jó kí orin tó dé ẹsẹ̀ kejì. Ohun tí ẹ̀rọ kò bá gbà wọlé látinú iná, kò lè máa tú u jáde bí ìró.

Báwo ni wọ́n ṣe wá dé 12,000? PMPO kò ní òdiwọ̀n kankan tí gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ń yan ohun tó máa kà: ó lè mú agbára tó jáde fún ìṣẹ́jú bíi ká ṣẹ́jú, kó fi iye sípíkà tó wà nínú ẹ̀rọ sọ ọ́ di púpọ̀, kó tún kọ nọ́ńbà tó bá wù ú. Ìjà yìí ti pẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1974 ni àjọ FTC ṣe òfin nípa bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ kọ agbára áńpù ilé, torí pé irọ́ ti pọ̀ jù nínú ìpolówó. Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ wá ni èyí tí wọ́n kọ RMS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn agbára tí áńpù lè gbé láì sinmi. Bí kò bá sí RMS lára páálí, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí ẹ wo iye iná tó ń jẹ. Kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni wáàtì kan lè ṣe?

Ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ẹni méjèèjì. Sípíkà tí à ń lò lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí Chester Rice àti Edward Kellogg ṣàlàyé ní ọdún 1925 nílé iṣẹ́ General Electric: waya tí wọ́n wé róbótó, tó wà láàárín mágínẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí bébà tó rí bí àrọ. Bí iná bá gba ọ̀nà kan kọjá nínú waya náà, bébà á yọ síwájú. Bí iná bá yí padà, bébà á fà sẹ́yìn. Tó bá lọ tó bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìró 50Hz la gbọ́ yẹn. Ti áńpù ni pé kó gba ìsọfúnni kékeré tó ti inú fóònù jáde, kó fi darí iná ńlá kó lè rí bákan náà gẹ́lẹ́. Lóde òní, iṣẹ́ áńpù ti rọrùn. Chip kan ṣoṣo bíi TPA3116 tí Texas Instruments ṣe, tó kéré ju èékánná àtàǹpàkò lọ, lè ṣe é dáadáa. Iṣẹ́ sípíkà ni kò rọrùn, torí pé ohun tó ní ara ló ń mì: bébà, rọ́bà, pákó àpótí. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ti ń pọ̀. Bí owó yín bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ fi méjì ra sípíkà.

Lára sípíkà tó dáa, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò: 84dB, 87dB, 90dB, pẹ̀lú "1W/1m" tàbí "2.83V/1m" lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé tí ẹ bá fún un ní wáàtì kan, tí ẹ dúró sí mítà kan níwájú rẹ̀, bí ìró rẹ̀ á ṣe ròkè tó nìyẹn. Èèyàn méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ wà ní nǹkan bí 60dB.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, 3dB péré ló ń fi kún ìró. Kí etí wa tó lè sọ pé orin ti ròkè ní ìlọ́po méjì, a nílò nǹkan bí 10dB, ìyẹn wáàtì ìlọ́po mẹ́wàá. Torí náà ẹni tó ra áńpù 100W dípò 50W, ariwo díẹ̀ báyìí ló rà lé e. Ṣùgbọ́n láàárín sípíkà 84dB àti sípíkà 90dB, 6dB yẹn dọ́gba pẹ̀lú wáàtì ìlọ́po mẹ́rin. Áńpù 25W tó ń gbé sípíkà 90dB á kó ariwo tó bí áńpù 100W tó ń gbé sípíkà 84dB. Ta ló sọ èyí fún wa ní ọjà? Kò sẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wọ yàrá mi. Sípíkà 87dB méjì, mo jókòó sí mítà méjì sí wọn. Níta gbangba, bí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, 6dB á lọ; nínú yàrá kì í tó bẹ́ẹ̀, torí ògiri ń dá díẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ká ṣì yọ ọ́. Ó ku 81. Sípíkà kejì fi 3 kún un: 84dB. Pẹ̀lú wáàtì kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan! Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2019 fún ohun èlò tí a fi ń gbọ́ orin, 80dB fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni àgbàlagbà lè gbọ́ kí etí rẹ̀ má baà bàjẹ́. Wáàtì kan ti kọjá ibẹ̀.

Èmi kì í kọjá nǹkan bí 75dB nílé. Nígbà yẹn, ìdá mẹ́jọ wáàtì kan ni sípíkà kọ̀ọ̀kan ń lò. Ṣé kí n wá ra áńpù wáàtì kan ni? Rárá. Orin kì í dúró sójú kan. Bí ọ̀pá bá balẹ̀ lórí awọ gángan, bí onílù bá lu fèrè ìdí ìlù ńlá, ìró ẹ̀ẹ̀kan náà lè fi 15 tàbí 20dB ga ju orin tó kù lọ. 20dB jẹ́ wáàtì ìlọ́po 100. Ìdá mẹ́jọ lọ́nà 100, ó di 12.5W. Nítorí náà, áńpù tó ní 20W sí 50W RMS tòótọ́ ti tó fún yàrá kan, ó tún ṣẹ́kù.

Bí kò bá wá tó ńkọ́? Áńpù tí wọ́n fipá mú kọjá agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé orí ìgbì ìró, orí tó yẹ kó rí róbótó á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Etí á gbọ́ ọ bí ohùn tó ti ha. Ìró tínrín á pọ̀ sí i ju bó ṣe wà nínú orin lọ, tùwítà, sípíkà kékeré tí waya inú rẹ̀ tín-ín-rín bí irun orí, ló sì ń jẹ ìyà náà. Bí tèmi ṣe jó nìyẹn: ẹ̀rọ 65W tí mo fẹ́ fi tọ́ 12,000 wò.

Yàrá yín náà wà nínú ẹgbẹ́ olórin

Ọ̀pọ̀ yàrá tí a ń gbà ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹsẹ̀ bàtà 12 sí ẹsẹ̀ bàtà 12 ni, ìyẹn mítà 3.66. Ìró ń sáré ní nǹkan bíi mítà 347 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú ooru wa. Bí ìró kan bá wà tí ìgbì rẹ̀ gùn ní ìlọ́po méjì yàrá náà, á máa kọlu ògiri, á padà, á pàdé ara rẹ̀, á máa wú sí i. Ẹ pín 347 sí 7.32: nǹkan bí 47Hz. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì jẹ́ 41Hz, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ 55Hz. 47 wà láàárín wọn gẹ́lẹ́. Bí olórin bá ti tẹ ibẹ̀, gbogbo yàrá á hó. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé yàrá onígun mẹ́rin tó dọ́gba ní ògiri méjì-méjì tó fẹnu kò lórí nọ́ńbà kan náà, torí náà wíwú náà di méjì. Bí yàrá yín bá jẹ́ 10 sí 14, ọpẹ́ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń parọ́, ẹ fi orin tó ní béèsì sí i, kí ẹ rọra rìn láti ògiri dé àárín yàrá. Lẹ́bàá ògiri béèsì á kún; ní àárín gan-an, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Kò sí owó tí ẹ ná, sípíkà kan náà ni.

Ohun tí èyí kọ́ mi ni pé ibi tí a gbé sípíkà sí tó iye tí a rà á. Igun yàrá ni gbogbo wa ń gbé e sí, torí pé àyè wà níbẹ̀, igun yàrá sì ni béèsì ti ń wú jù lọ. Ẹ fà á kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn díẹ̀, ó kéré tán gígùn apá kan bí àyè bá wà. Kí tùwítà wà ní ìbámu pẹ̀lú etí yín nígbà tí ẹ bá jókòó. Bílọ́ọ̀kù méjì tí a fi aṣọ wé ti ṣe é fún mi. Kí sípíkà méjèèjì àti orí yín jẹ́ igun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ẹ má jókòó sí àárín yàrá gẹ́lẹ́, ẹ má sì fẹ̀yìn ti ògiri. Kọ́tìnnì tó nípọn àti kápẹ́ẹ̀tì á pa ohùn tó ń ta padà láti ògiri (ẹ pàtẹ́wọ́ nínú yàrá tó ṣófo, ẹ máa gbọ́ ọ), ṣùgbọ́n wọn kò lè rí béèsì mú.

Ọ̀rọ̀ Màmá yàrá kejì náà wà níbí. Ìgbì 50Hz gùn tó nǹkan bíi mítà méje. Ògiri bílọ́ọ̀kù ń dá ìró òkè dúró dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìró bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni ògiri ń jẹ́ kó kọjá. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ní òun ò gbọ́ orin. Orin dúró lọ́dọ̀ mi, gbì gbì kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Kí wá ló mú ká máa yí ohùn sókè? Etí wa ni. Harvey Fletcher àti Wilden Munson fi hàn ní ọdún 1933 pé bí ìró bá lọ sílẹ̀, béèsì ló ń kọ́kọ́ sá kúrò létí èèyàn. Orin tó kún nígbà tó ròkè, á dà bíi pé ó gbẹ nígbà tí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a ó sì tún yí i sókè. Ọ̀nà àbáyọ tí mo rí ni kí n sún mọ́ sípíkà. Mítà kan àti ààbọ̀ dípò mẹ́ta, kí n wá fi béèsì díẹ̀, díẹ̀ báyìí, kún un ní alẹ́. Èmi gbọ́ ọ yékéyéké, ògiri kò gbọ́ púpọ̀.

Tí ẹ bá dé ọjà

Tòkunbọ̀ ni mo bá lọ nígbà kejì. Ní Alábà àti ibi tí wọ́n ti ń tú kọ̀ǹtéénà, àpótí sípíkà kékeré tí wúfà rẹ̀ jẹ́ ínṣì márùn-ún tàbí mẹ́fà àti ààbọ̀ pọ̀ dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ kan òrùka tó yí etí bébà ká. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà, ó máa ń pẹ́. Bí ó bá jẹ́ fóòmù, ọdún á ti jẹ ẹ́. Tó bá ń rún wẹ́wẹ́ lábẹ́ ìka, ẹ gbé e sílẹ̀, àyàfi tí ẹ bá mọ ẹni tó lè pààrọ̀ òrùka náà. Ẹ fi ìka méjì rọra ti bébà wọlé: tó bá ń ha, waya inú rẹ̀ ti wọ́. Ẹ mú báàtìrì 1.5V dání nínú àpò, irú ti rìmóòtù. Ẹ fi kan ojú waya pupa àti dúdú wúfà fún ìṣẹ́jú àáyá kan, bébà gbọ́dọ̀ yọ síwájú pẹ̀lú ìró "pọ́". Kò sóhun tó ń ya ọlọ́jà lẹ́nu bí ọmọdé tó mú báàtìrì wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n pa orin tí wọ́n ń fi sípíkà náà tọrọ owó. Gbogbo ọlọ́jà ló ní orin béèsì kan tó ń mú sípíkà burúkú dára. Orin tiyín ni kí ẹ fi sí i. Èmi mú ohùn èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ àti gángan lọ. Ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ wà láàárín nǹkan bí 85 sí 180Hz, àpótí pákó tínrín sì máa ń ní ìró tirẹ̀ ní àgbègbè yẹn, tó máa fi ń bo gbogbo ohùn bákan náà. Bí ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ lára ìlù bá yàtọ̀ síra, tí ẹ lè sọ ohun tó wí, sípíkà yẹn dára fún Yorùbá.

Ẹ wo ohm ẹ̀yìn sípíkà àti ti áńpù. Bí áńpù bá ní 4 sí 8 ohm, sípíkà 4, 6 tàbí 8 kò ní í ṣe é ní nǹkan. Bí ó bá ní 8 nìkan, ẹ má so 4 mọ́ ọn, á fa iná ìlọ́po méjì, á gbóná. Nígbà tí ẹ bá dé ilé, ẹ so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Bí ẹ bá yí ẹyọ kan padà, bébà kan á máa yọ síwájú nígbà tí èkejì ń fà sẹ́yìn, béèsì á pòórá, ohùn olórin á sì dà bíi pé ó ń ti ibi gbogbo wá. Waya wọ́ọ̀lì 1.5mm² tí àwọn onínáà ń lò ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ ta waya olówó gọbọi fún yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Fún àwa tí iná wa kò dúró, áńpù Class D ni mo fara mọ́. Nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún iná tó gbà ló ń gbé dé sípíkà tó bá ń ṣiṣẹ́ kíkún, nígbà tí Class AB àtijọ́ ń sọ ohun tó pọ̀ di ooru. Báàtìrì ínfátà yín á mọ ìyàtọ̀. Áńpù ńlá tó ní tírańsífọ́mà máa ń kùn bí oyin lórí ínfátà tí iná rẹ̀ kò jẹ́ "pure sine wave".

Ẹ tún lè ra sípíkà tí áńpù ti wà nínú rẹ̀. Waya rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì ti bá ara wọn mu láti ilé iṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń kó ilé lọ́dọọdún, ẹ rà á. Èmi fẹ́ kí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí pé bí áńpù bá jó lónìí, sípíkà mi á dúró de òmíràn.

Sípíkà tòkunbọ̀ 87dB onírọ́bà ni mo wá rà, pẹ̀lú áńpù kékeré kan tó wọ àtẹ́lẹwọ́. Lápapọ̀, owó wọn kò tó ti 12,000W yẹn. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo ń gbọ́ jùjú, Màmá kan ilẹ̀kùn. Àyà mi já, mo sáré pa á. Ó ní rárá, òun kàn ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá lọ kó aṣọ tí òun sá ni. "Ẹni tó ń lu gángan yẹn, kí ló sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn? Tún un fi, kí n gbọ́."